Wọ́n Ní Àwọn Adití Ń Pariwo

Ìbéèrè àkọ́kọ́ tí Èkó bi mí kì í ṣe "Báwo ni?" tàbí "Níbo lo ti wá?" "Ṣé o dití ni?" ni. Aláàárù kan tó ń ti bárò ata kọjá ní Mile 12 ló bi mí. Ó ti ń pariwo lẹ́yìn mi tipẹ́ pé kí n yà, mi ò yà, ló bá fi irin bárò gbá mi lẹ́sẹ̀. Mo yíjú padà, mo rí ẹnu rẹ̀ tó là gbàgà, mo sì ka ọ̀rọ̀ náà létè rẹ̀: "Ṣé o dití ni?"

Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà."

Ẹ gbà mí o! Díẹ̀ ló kù kó lù mí. Ó rò pé mò ń fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Àwọn ìyá tó ń ta ata nítòsí dá sí i, wọ́n ní irú ọmọ wo nìyí, tí ẹ̀kọ́ ilé ò kàn án lára rárá. Mo tún un sọ pé adití ni mí lóòótọ́. Ìyẹn ló wá ba gbogbo ẹ̀ jẹ́. Ta ló ti rí adití tó ń sọ̀rọ̀ rí?

Ẹjọ́ tí mo rò fún Èkó fún odindi ọdún nìyẹn, ó sì sú mi. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí nígbà tí ibà kan dá mi dùbúlẹ̀ ní Kétu wa, Kétu ti ilẹ̀ Benin lọ́hùn-ún, kì í ṣe ti Èkó. Nígbà tí ibà náà máa lọ, ó gbé etí mi lọ, ó fi ẹnu mi sílẹ̀. Nítorí náà, Yorùbá tó wà lẹ́nu mi títí dòní, ti ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ará Kétu ni, torí mi ò gbọ́ òmíràn mọ́. Èyí tí mò ń kọ yìí, inú Bíbélì bàbá mi ni mo ti kọ́ ìdajì rẹ̀, ẹnu àwọn ará Ìkòsì ni mo ti wo ìyókù. Tí mo bá sọ̀rọ̀ ní Èkó, wọ́n á ní, "Ará Kútọnu ni." Tí wọ́n bá pè mí tí mi ò dáhùn, wọ́n á ní, "Ará Kútọnu yìí mà gbéraga o." Èwo ni kí n wá ṣe?

Àǹtí mi, àbúrò ìyá mi, ni mo wá bá ní Ìkòsì. Ata àti tòmátì ló ń tà ní Mile 12. Iṣẹ́ tèmi ni kí n máa ṣa èyí tó ti jẹrà kúrò nínú apẹ̀rẹ̀. Iṣẹ́ náà ò le, àwọn ọkọ̀ ńlá tó ń fi ẹ̀yìn rìn wọ inú ọjà ló le. Elétí á gbọ́ wọn, á sá. Èmi á kàn rí i pé òjìji kan ṣú bò mí. Àǹtí mi wá so aṣọ pupa mọ́ mi lẹ́yìn, kí àwọn dírẹ́bà lè mọ̀ pé kí wọ́n ṣọ́ra fún mi. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni, òun nìkan ló mọ ohun tí aṣọ pupa túmọ̀ sí. Gbogbo ọjà rò pé ẹ̀jẹ́ ìjọ kan ni mò ń san. Àwọn kan tiẹ̀ ń ní kí n gbàdúrà fún àwọn.

Ọjọ́ Àìkú ni mo máa ń pe ìyá mi. Ẹ má rẹ́rìn-ín. Nígbà yẹn, fóònù ò tíì dé ọwọ́ gbogbo èèyàn, abẹ́ agboòrùn la ti ń san owó pe ẹni tí a bá fẹ́ pè. Aunty Bọ́lá ló ni agboòrùn tó wà níwájú ilé kan ní àdúgbò wa. Òun ló ń bá mi pe nọ́ńbà ará ilé wa ní Kétu, wọ́n á sáré lọ pe Màámi wá. Tí Màámi bá ti dé, Aunty Bọ́lá á ṣẹ́jú sí mi, èmi á gba fóònù, màá sọ gbogbo tẹnu mi: mo ti jẹun, ara mi le, òjò ń rọ̀. Lẹ́yìn náà màá gbé fóònù fún un padà, òun á gbọ́ èsì, á wá fi ẹnu sọ ọ́ fún mi díẹ̀díẹ̀, kí n lè ka ètè rẹ̀.

Ìṣòro ibẹ̀ ni pé Aunty Bọ́lá ò ní sùúrù. Màámi á sọ̀rọ̀ títí, mò ń wo ojú Aunty Bọ́lá, mò ń rí i tó ń mi orí, tó ń rẹ́rìn-ín, tó ń káàánú. Tó bá wá yíjú sí mi, á ní, "Ó ń kí ẹ."

"Gbogbo ọ̀rọ̀ yẹn? Ó ń kí mi nìkan?"

"Ó ní kó o tètè lọ́kọ."

Mo mọ̀ pé Màámi ò sọ bẹ́ẹ̀. Aunty Bọ́lá ló sọ bẹ́ẹ̀. Màá lọ bí ẹni tí inú ń bí, ọ̀sẹ̀ tó bá tún dé, mo tún ti wà níbẹ̀, torí ta ni mo tún ní?

Ìbéèrè tí Màámi bi mí lọ́jọ́ kan nìyẹn gan-an. Aunty Bọ́lá gbọ́ ọ, kò ké e kúrú lọ́jọ́ náà, kò sì fi tirẹ̀ kún un. Ó ní, "Ìyá ẹ ní, ta lo ní níbẹ̀?" Mo gba fóònù, mo gbé e sẹ́nu. Mo ní kí wọ́n kí Bàbá. Ni mo bá gbé fóònù sílẹ̀.

Ẹ wá wo ìyà. Gbogbo oṣù tí mo fi ń jókòó sábẹ́ agboòrùn yẹn, ẹ̀yìn mi ni mo kọ sí ilẹ̀kùn tí mò ń wá.

Fúnmi ló fi hàn mí. Aránṣọ ni, adití látinú ìyá rẹ̀. Ó wá ra tòmátì lọ́wọ́ Àǹtí mi, òun àti ẹnì kan, wọ́n sì ń fọwọ́ bá ara wọn jiyàn nítorí iye tí Àǹtí mi pè é. Mo ti lo ọdún díẹ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àwọn adití ní Àjàṣẹ́ ilẹ̀ Benin. Ọwọ́ tí wọ́n ń fi sọ̀rọ̀ níbẹ̀ àti ti Èkó jọra bí ọmọ ìyá, àfi pé Faransé làwa fi ń to lẹ́tà, àwọn ń fi Gẹ̀ẹ́sì to tiwọn. Mo fi ọwọ́ tó kún fún omi tòmátì sọ pé, "Ẹ má gbà fún un, ó máa dín in." Fúnmi la ẹnu, kò lè pa á dé. Inú mi dùn débi pé tòmátì jíjẹrà ni mo bù fún un.

Sátidé yẹn ló mú mi lọ sí yàrá ẹgbẹ́ wọn. Ta ni mo rí níwájú ilé náà? Aunty Bọ́lá àti agboòrùn rẹ̀.

Uncle Mùfú, káfíńtà kan tó ń gbé ní Ògùdù, ni alága ẹgbẹ́. Òun ló sọ ìtàn ẹgbẹ́ fún mi lọ́jọ́ náà, ọwọ́ rẹ̀ sì yára bí ẹni ń gé igi. Abẹ́ iná ilé-epo kan ní Kétu ti Èkó ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀. Kí ló dé tó fi jẹ́ ilé-epo? Iná ni. Elétí lè sọ̀rọ̀ nínú òkùnkùn, adití ò lè ṣe é. Tí NEPA bá mú iná lọ, ó mú ẹnu wa lọ nìyẹn. Àwọn tó ń ta epo lé wọn níbẹ̀, wọ́n ní wọ́n ń dẹ́rù ba oníbàárà. Wọ́n lọ sí gbọ̀ngàn ìjọ kan. Àwọn ìyẹn gbà wọ́n tọwọ́ tẹsẹ̀, àfi pé gbogbo ìpàdé ni pásítọ̀ fi ń ti ìka bọ̀ wọ́n létí, tó ń pariwo pé kó ṣí. Uncle Mùfú ní, "Ayò la wá ta. Ìgbà tí etí wa pọ́n tán, a kó ọmọ ayò wa, a lọ."

Ibẹ̀ ni wọ́n ti dé Ìkòsì, lọ́dọ̀ Alhaja kan tí ọkọ rẹ̀ ti ń fi yàrá iwájú ilé kó àlùbọ́sà jọ rí. Yàrá náà ò ní fèrèsé. Wọ́n kun ún, wọ́n fọ̀ ọ́, àlùbọ́sà ò lọ. Òórùn rẹ̀ wà nínú ògiri, èèpo rẹ̀ ń jáde láti abẹ́ ilẹ̀ bí ẹni pé ó ń hù. Tá a bá jókòó síbẹ̀ díẹ̀, gbogbo wa á máa da omi lójú. Ojú sì ni etí wa! Àwọn àgbà tó ní bí a ti ń sunkún là ń ríran, àwa ni wọ́n rí kí wọ́n tó sọ bẹ́ẹ̀.

Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Ìgbà tí mo wọlé, tí mo rí ogún èèyàn tó ń sọ̀rọ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, tí ẹnikẹ́ni ò bi mí bóyá mo dití, ṣe ni mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀. Wọ́n rò pé àlùbọ́sà ló ń pa mí lójú.

Ìbínú mi sí wọn ò pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀, ṣá o. Nínú ẹgbẹ́ wa, èèyàn ò lè sọ ara rẹ̀ lórúkọ. Wọ́n á wò ọ́ títí, wọ́n á wá fún ọ ní orúkọ ọwọ́, o ò sì lè kọ̀ ọ́. Orúkọ Uncle Mùfú ni kéèyàn fa irùngbọ̀n. Orúkọ Fúnmi ni kéèyàn fi ìka kan gún ẹ̀rẹ̀kẹ́, níbi tí kòtò ẹ̀rín rẹ̀ wà. Ẹ wá wo èyí tí wọ́n fún mi. Lọ́jọ́ kan tí mo gbàgbé ara mi, tí mo la ẹnu sọ̀rọ̀ fún ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, Uncle Mùfú dìde, ó kó ìka jọ síwájú ètè, ó ń ṣí i, ó ń pa á dé, bí ẹnu pẹ́pẹ́yẹ. Ẹnu! Orúkọ tí wọ́n sọ mí nìyẹn. Gbogbo ilé fi ẹ̀rín ṣubú.

Uncle Mùfú tún ṣòfin. Ó ní, "Nínú yàrá yìí, ẹnu wà fún jíjẹ àti mímu." Ẹni tó bá fi sọ̀rọ̀, òun ni yóò gbá èèpo àlùbọ́sà. Mo gbá a títí ẹ̀yìn fi ń ro mí. Lóde, wọ́n ní mi ò dití tó. Nínú ilé náà, mi ò dití tó. Ó wá ku ibo?

Ohun tó dá wàhálà sílẹ̀ ni sípíkà. Onígbàjámọ̀ kan ń kó kúrò ní àdúgbò, ó ta sípíkà rẹ̀ dúdú gàgàrà àti rédíò fún wa. Ẹ má bi mí kí ni adití ń fi sípíkà ṣe. Ijó là ń fi jó! Uncle Mùfú to pákó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó dojú sípíkà dé e. A bọ́ bàtà, a dúró lórí pákó, ìlù ń gba àtẹ́lẹsẹ̀ wọlé, ó ń gun eegun, ó ń bọ̀ láyà. Báwo la ṣe ń mọ̀ bóyá ó ti pọ̀ jù? Tí ẹsẹ̀ bá ti ń jó fúnra rẹ̀, ó ti tó.

Àwọn ayálégbé òkè lọ fẹjọ́ sun Alhaja pé àwọn adití ń pariwo. Ọ̀rọ̀ yẹn ń pa elétí lẹ́rìn-ín títí dòní. Alhaja ní, "Ariwo wo?" Wọ́n tún padà lọ. Ó tún ní, "Ariwo wo? Ẹ fi wọ́n sílẹ̀." A ní obìnrin rere lèyí, Ọlọ́run ló fi í fún wa.

Sátidé kan, a ń jó lọ́wọ́, NEPA mú iná lọ. Ilẹ̀ ò gbọ̀n mọ́, yàrá ṣókùnkùn, a táràrà jáde, Uncle Mùfú ti ilẹ̀kùn, gbogbo wa lọ sílé. Kò sẹ́ni tó pa sípíkà. Elétí ni yóò rántí irú ẹ̀. Lójú tiwa, ohun tí kò gbọ̀n mọ́ ti kú nìyẹn. Ta ló ń pa òkú?

Ọjọ́ kejì ni wọ́n ń ṣe àdúà ọdún kan tí ọkọ Alhaja kú. Àwọn Ààfáà ti jókòó sórí ẹní nínú ọgbà, àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti pé, ni NEPA bá mú iná dé.

Èmi ò mọ nǹkan kan. Màámi ni mo ń lọ pè. Mo dé ìta ilé náà, mo rí èrò, mo rí ọkùnrin méjì tó ń fi òkúta lu ilẹ̀kùn wa. Ẹnì kan nàka sí mi, gbogbo ẹnu bá yíjú sí mi. Ẹnu mẹ́wàá lẹ́ẹ̀kan náà, adití wo ló lè ka ìyẹn? Mo fi àtẹ́lẹwọ́ kan ògiri. Ògiri ń gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe. Mo ní, yéè, mo kú.

Ọwọ́ Uncle Mùfú ni kọ́kọ́rọ́ wà, ní Ògùdù. Mo fi tẹ́ẹ̀sì ránṣẹ́ sí i lórí fóònù Aunty Bọ́lá, mo tún fi ránṣẹ́. Ara fóònù la fi ń mọ̀ pé ó ń pè wá, tó bá ń gbọ̀n nínú àpò. Fóònù tirẹ̀ wà nínú ṣòkòtò, ṣòkòtò wà lórí ìṣó, òun fúnra rẹ̀ ró aṣọ, ó ń jẹ ẹ̀bà. Ṣòkòtò ń gbọ̀n lórí ìṣó, ọlọ́ṣòkòtò ń gbé òkèlè mì. Ẹ sì wo NEPA! Iná tí kì í dúró kí a fi lọ aṣọ kan tán, lọ́jọ́ náà ló rántí wa, kò ṣẹ́jú. Àfìgbà tí wọ́n rí oníṣẹ́ iná kan tó gun òpó lọ já wáyà.

Aunty Bọ́lá ló sọ fún mi bó ṣe ṣẹlẹ̀. Ó ń rẹ́rìn-ín débi pé ètè rẹ̀ ń sá mọ́ mi lójú, ó ní láti tún un sọ. Ó ní Ààfáà ń ṣe àdúà lọ́wọ́, ni rédíò bú jáde, ìpolówó oògùn jẹ̀díjẹ̀dí. Ààfáà dákẹ́. Gbogbo èèyàn dákẹ́. Alhaja nìkan ló dijú, tó na ọwọ́ méjèèjì síwájú.

Rédíò ní, "Ẹ̀yin tí ìdí ń ta, tí ẹ ò lè jókòó dáadáa!"

Alhaja ní, "Àmín."

"Jẹ̀díjẹ̀dí tó ti di ti ìdílé!"

"Àmín, láṣẹ Ọlọ́run."

Àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ń fi fìlà bo ẹnu. Aunty Bọ́lá ní ìbànújẹ́ ló kó ọkàn Alhaja lọ. Mo bá a rẹ́rìn-ín díẹ̀, ìdààmú tèmi ò jẹ́ kí n rò ó síwájú.

Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́ tán, Alhaja ti ránṣẹ́: kí oṣù tó parí, ká kó jáde.

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ká wá yàrá míì ni. Ta ló fẹ́ fún adití nílé gbé? Wọ́n á ní, tí olè bá dé, ẹ ò ní gbọ́. Tí iná bá ń jó, ẹ ò ní gbọ́. Ẹ̀mí yín ò ní í ti ọwọ́ wa bọ́. Tí yàrá yẹn bá lọ, abẹ́ iná ilé-epo la tún ń padà sí. Èmi ní tèmi, inú ọjà ni mò ń padà sí, pẹ̀lú aṣọ pupa mi.

Wọ́n pe ìpàdé. Ta ni yóò lọ bẹ Alhaja? Mo wò yíká. Ọwọ́ gbogbo wọn ti wà níwájú ètè, wọ́n ń ṣí i, wọ́n ń pa á dé.

Orí mi gbóná. Mo ní, "Èmi? Ẹ̀yin tí ẹ ní ẹnu wà fún jíjẹ? Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ìgbálẹ̀ lé mi lọ́wọ́? Lónìí lẹnu wá wúlò?" Uncle Mùfú ní, "Lóde ni wọ́n ti ń lo ẹnu. Ìta lo ń lọ." Mo ní mo lè sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣùgbọ́n mi ò ní gbọ́ èsì. Ó ní kí n mú elétí kan dání. Ẹ̀yin èèyàn, adití tó lágídí ò ṣeé bá jà, torí kíá ló máa dijú.

Bẹ́ẹ̀ la ṣe lọ sí pálọ̀ Alhaja: Uncle Mùfú, Fúnmi, èmi, àti Aunty Bọ́lá tí mo bẹ̀ pé kó dúró lẹ́nu ọ̀nà kó máa fi ètè sọ èsì fún mi. Uncle Mùfú dọ̀bálẹ̀, àwa obìnrin kúnlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ ẹ̀bẹ̀. Mo ní, "Alhaja, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì wá, kì í ṣe àfojúdi, a ò mọ̀ pé ó ń ké ni."

Alhaja gbọn aṣọ rẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí wa, ó kọjú sí fèrèsé. Mo ń rí eegun àgbọ̀n rẹ̀ láti ẹ̀yìn, ó ń lọ sókè sódò, ó ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀. Mo wo Aunty Bọ́lá. Aunty Bọ́lá ní, "Ó ní kẹ́ ẹ máa lọ." Alhaja ṣì ń sọ̀rọ̀. Ọ̀rọ̀ gígùn. Mo tún wo Aunty Bọ́lá. "Ó ṣì ní kẹ́ ẹ máa lọ."

Nǹkan kan já nínú mi. Àti Mile 12, àti abẹ́ agboòrùn, gbogbo Èkó ló ń fi ẹ̀yìn bá mi sọ̀rọ̀! Mo gbàgbé pé ẹ̀bẹ̀ la bá wá, mo gbàgbé pé àgbà ni. Mo fi gbogbo àyà mi pariwo:

"Alhaja! Ẹ kọjú sí mi, ẹ jọ̀ọ́! Mi ò gbọ́!"

Aunty Bọ́lá ta gìrì, fóònù bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Uncle Mùfú ò mira, ó ṣì da orí délẹ̀. Fúnmi ń wo èékánná rẹ̀. Alhaja ńkọ́? Ó ṣì ń bá fèrèsé sọ̀rọ̀.

Nínú gbogbo wa tó wà níbẹ̀, ẹnì kan ṣoṣo ló ta gìrì.

"Ariwo wo?" Ọ̀rọ̀ yẹn padà wá sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn rẹ̀ ni gbogbo "Àmín" yẹn. Ohun tí èmi náà ṣe nìyẹn lẹ́yìn ibà, kí bàbá mi tó mọ̀: tí wọ́n bá rẹ́rìn-ín, màá rẹ́rìn-ín, tí wọ́n bá dákẹ́, màá ní ẹ̀n-ẹ́n.

Mo dìde. Mo rìn yí i ká, mo dúró láàárín òun àti fèrèsé. Àyà rẹ̀ já bí ẹni tí kò gbọ́ ìrìn ẹsẹ̀. Mo la ẹnu, mo mi ètè, mi ò fi ohùn sí i rárá. Mo ní, "Alhaja, ṣé ẹ̀ ń gbọ́ mi?"

Kíá ló dáhùn. Mo kà á létè rẹ̀: "Mò ń gbọ́ ẹ, kí ló dé? Ṣé wọ́n ní etí mi di ni?"

Mo wo Aunty Bọ́lá. Ojú rẹ̀ ti yọ. Ó gbọ́ ìdáhùn, kò gbọ́ ìbéèrè. Alhaja náà wo ojú Aunty Bọ́lá, ó sì mọ̀ pé ọwọ́ ti tẹ òun. Aunty Bọ́lá tí kì í ní sùúrù, Ọlọ́run bù kún un, ó ṣa fóònù rẹ̀ nílẹ̀, ó ní òun ń lọ wo agboòrùn òun. Ó fa ilẹ̀kùn dé lẹ́yìn rẹ̀.

Alhaja jókòó. Ẹ máa rò pé àánú rẹ̀ ṣe mí. Rárá o, inú ló bí mi! Mo ní, "Ẹ̀yin náà, Alhaja? Ẹ̀yin náà ń kọ ẹ̀yìn sí èèyàn?"

Ó ní, "Tí mo bá kọjú sí yín, tí mi ò gbọ́ ohun tí ẹ sọ ńkọ́? Tí mo bá kẹ̀yìn, wọ́n á ní mò ń bínú ni." Ó ń sọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, ojú sí ojú. Ó ní ó ti tó ọdún mélòó kan tí gbogbo nǹkan ti di hùn-hùn-hùn létí òun. Lọ́jọ́ àdúà, hùn-hùn-hùn lòun gbọ́, òun rò pé Ààfáà ni. Láti ọjọ́ náà ni àwọn àbúrò ọkọ òun ti ń sọ ọ́ kiri pé òun ti darúgbó, pé àwọn ni kó máa mójú tó ilé. "Tí mo bá fi yín sílẹ̀, wọ́n á ní ṣé ẹ rí i, kò tiẹ̀ gbọ́ ohun tí wọ́n ń ṣe nínú ilé rẹ̀. Àti ibi tí màá gbé, ọwọ́ wọn ló máa bọ́ sí."

Uncle Mùfú gbé orí sókè nílẹ̀, ó fa aṣọ mi: "Kí ló wí?" Mo fi ọwọ́ sọ ọ́ fún un. Ó wo Alhaja títí. Ó dìde, ó gbọn orúnkún, ó lọ fi ọwọ́ kan Alhaja léjìká jẹ́jẹ́, bí a ṣe ń pe ara wa. Ó sọ̀rọ̀, èmi ń fi ẹnu tú u.

"Ó ní, ẹ má dijú mọ́ níbi àdúà. Ojú lọ̀rọ̀ wà. Ẹ máa wo ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Ààfáà. Tí ètè ẹni yẹn bá pa dé tó tún là, ẹ̀yin náà ẹ ṣe Àmín."

Alhaja wò ó. Ó wò mí. Ó bú sẹ́rìn-ín, ó ń fi ọwọ́ lu itan. Ó ní, "Jẹ̀díjẹ̀dí! Èmi ni mo ṣe Àmín sí jẹ̀díjẹ̀dí ìdílé!"

Ó sọ fún àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ pé òun ò lé wa mọ́, ìbáwí ló kù, òun fúnra òun yóò máa wọlé tọ̀ wá ní gbogbo Sátidé láti rí i pé a ò pariwo. Wọ́n ní obìnrin yìí mà le o. Àṣírí rẹ̀ wà lọ́wọ́ ogún adití, kò sì jò. Ta ló ń bi wá ní nǹkan kan?

Ìyẹn ti pẹ́. Alhaja ti sùn, àwọn àbúrò ọkọ rẹ̀ ti sọ ilé náà di ṣọ́ọ̀bù, ẹgbẹ́ wa sì ti tún kó lọ síbòmíràn. Àwọn ọ̀dọ́ ẹgbẹ́ ń fi fóònù wo ara wọn láti ilé, wọn kì í wá sípàdé, ó ń bí mi nínú, mo sì ń sọ ọ́ fún wọn. Ìbéèrè Màámi ni mo máa ń rántí tí mo bá ti ronú kan yàrá yẹn, ìyẹn ta lo ní níbẹ̀.

Nígbà yẹn, Alhaja ṣe bó ti wí: ó wá ní Sátidé àkọ́kọ́, ó jókòó bí ọlọ́pàá. Nígbà tó fi di ẹlẹ́ẹ̀kẹrin, ó ti ń fi ọwọ́ bèèrè omi. A fún un lórúkọ: kéèyàn fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì nu ojú wá sísàlẹ̀, bí wọ́n ṣe ń ṣe tí wọ́n bá ti ṣe Àmín. Ilé là á wò ká tó sọmọ lórúkọ. Ó bínú sí i fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko, mo sì gbádùn ìbínú náà, torí mo mọ̀ ọ́n.

Ọ̀sán kan ni mo fẹ́ sọ tán. Alhaja jókòó tì mí, gbogbo ilé ń jiyàn, NEPA mú iná lọ. Yàrá tí kò ní fèrèsé, ó dúdú bí ikùn ìkòkò. Gbogbo ọwọ́ dákẹ́. A máa ń dúró bẹ́ẹ̀ ni títí ẹnì kan á fi táràrà dé ẹnu ilẹ̀kùn. Mo rí i pé ọwọ́ kan ń wá ọwọ́ mi, ọwọ́ àgbà. Ó tẹ́ àtẹ́lẹwọ́ mi. Ó kó ìka jọ sínú rẹ̀, ó ṣí i, ó pa á dé, ó tún ṣí i.

Ẹnu. Orúkọ mi ló ń pè. Obìnrin tó ní ẹnu tirẹ̀, tó lè ké kí gbogbo Ìkòsì gbọ́, ọwọ́ ló fi pè mí.

Mo dáhùn. Mo wá ojú rẹ̀ nínú òkùnkùn, mo fi àtẹ́lẹwọ́ mi méjèèjì nù ún wá sísàlẹ̀, bí orúkọ rẹ̀. Ojú náà tutù. Ó lè jẹ́ àlùbọ́sà.